Iná Tó Feérú Bojú

Òṣogbo,
Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé.

Tinúkẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Màmá rẹ ti béèrè lórí fóònù lánàá, o ní ó le, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Ara tèmi le, àfi orúnkún yìí tó máa ń sọ fún mi kí òjò tó rọ̀. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Ohun tí mo bá ní í sọ fún ọ, ìdí oúnjẹ ni mo ti máa ń sọ ọ́, n ó sì bu òkèlè lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn. Bí mo bá gbé e wá sórí fóònù, wàá kàn máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà" títí n ó fi dákẹ́.

Jẹ́ kí n tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ, kó o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Iléṣà ní kó o wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìràwọ̀. Ilé ìfowópamọ́ kan lọ́hùn-ún tó o wà náà ní kó o wá bá àwọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. O gbọ́dọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ lóhùn kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. O wá sọ fún màmá rẹ pé báńkì lò ń lọ, pé o ti fi ìràwọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó bi ọ́ pé kí ló dé, o ní: "Mọ́mì, mo ti dà bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí mò ń wò yẹn. Mo ti kú. Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ lẹ kàn ń rí lára mi."

Màmá rẹ gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ọmọ Òṣogbo tí mo fẹ́ yìí, tó jẹ́ pé bó bá ń sùn pàápàá ó ń sọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ohun tó lé mi wá sídìí tábìlì nìyẹn.

Má ṣì mí gbọ́. Báńkì ò bí mi nínú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà wù ọ́, máa lọ, n ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ọ. Ọ̀rọ̀ tó o fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni mi ò fara mọ́, ọ̀rọ̀ "kú" yẹn. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, o sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá pe ibi tí kì í ṣe òkè ní òkè, oorun ò ní kùn mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ mi mu.

Ṣé o rántí ìgbà tó o wálé gbẹ̀yìn? A jókòó sí fàràńdà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, o fi àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan hàn wá lórí fóònù. Ó ń tàn bí aró tuntun. Màmá rẹ, tó jẹ́ pé ìdí ìkòkò aró ni àwọn ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní: "Àyìnrín lèyí. Ta ló rẹ ẹ́?" O rẹ́rìn-ín títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. O ní, "Kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́, Mọ́mì. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló ń tan irú àwọ̀ yẹn." O fi òmíràn hàn án, èyí tó funfun tó sì ń pọ́n rúsúrúsú lọ. Ó ní, "Èyí ti ṣá." O ní, "Ẹ jàre, Mọ́mì, ó ti ṣá lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣá yìí gan-an niṣẹ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ ní ìbéèrè, ìwọ náà ń dá mi lóhùn bí olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gọ̀ díẹ̀. N ó sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Bí mo bá ṣì í sọ, kọ̀wé padà kó o bá mi wí, ìyẹn náà á jẹ́ lẹ́tà.

O ní kùrukùru gáàsì pọ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Ibi tí kùrukùru náà bá ti tutù tó sì kì, á wó jọ sínú ara rẹ̀, á sì bí ìràwọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìṣùpọ̀ méjì á pàdé, wọ́n á wọnú ara wọn, gáàsì tí kálukú gbé wá á fún pọ̀, wọ́n á wá máa bí ìràwọ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé ọ̀la ò ní mọ́. Àwọn tó tóbi jù ló máa ń gbóná jù, àwọn ló ń tan àwọ̀ aró yẹn. Àwọn náà ló ń tètè jó tán. Nígbà tí wọ́n bá ń kú, wọ́n á bú gbàmù, wọ́n á ti gáàsì tó kù síta, tàbí kí wọ́n mú un gbóná débi tí kò fi ní lè kóra jọ. O ní ohun wíwúwo kan tún wà láàárín, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òun náà bá jẹun yó, á tún máa fẹ́ gáàsì dànù. Bí ìbí ṣe ń dáwọ́ dúró nìyẹn.

Mo wá bi ọ́ pé, "Ó tán nìyẹn?" O ní, "Rárá sà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀." Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́, màmá rẹ ni ẹlẹ́rìí mi.

Ọjọ́ kejì ni o di ẹrù. Bí kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ẹ́ gbé ọ lọ sí gáréèjì ṣe ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, màmá rẹ ní, "Tinúkẹ́, ṣé iná lo wá fọn ni?" O rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Bóyá o ò tiẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, nítorí gáàsì lẹ fi dáná ní tiyín. Láyé àtijọ́, bí iná bá tán ní ààrò èèyàn, ilé aládùúgbò ló ti máa lọ fọn ògúnná wá. Ẹni tó wá fọnná kì í jókòó, nítorí bó bá pẹ́, iná á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ náà dá àlejò tó ń kánjú lápàárá nìyẹn. N ó tún padà sórí iná yìí.

Ìmọ̀ràn kìíní. Má pe ohun tó dáwọ́ dúró ní òkú. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìwé ń jáde lọ́wọ́ rẹ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, wọ́n ń pè ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, o ń sùn ní pápákọ̀ òfurufú bí ẹni tí kò nílé. Àwa níbí ń fi ọ́ yangàn. Bàbá onígbàjámọ̀ wa tiẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun fá orí mi ní àlàáfíà. Ìgbà aró rẹ nìyẹn, kì í ṣe irọ́, ó tàn. Ó wá dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó jókòó sídìí awò ìràwọ̀ tó ń sọ pé ìṣùpọ̀ yìí dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé àwọn ìràwọ̀ ńlá rẹ̀ jó tán. Wọn ò dá wọn láti pẹ́. Tìrẹ nìkan lo sọ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìkejì. O sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ńlá aláwọ̀ aró bá ti lọ, àwọn funfun tí kò tóbi tó wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tàn lọ. Ara wọn lẹ ti ń mọ̀ pé nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́: ẹ ò rí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ rí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Bó bá yá, àwọn ẹ̀gbọ́n náà á lọ, á wá ku àwọn kékeré tó pọ́n rúsúrúsú. O pè wọ́n ní ahun. O ní wọ́n ń ṣún ohun tí wọ́n ń jó ná, tó fi jẹ́ pé wọ́n á pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ràn àwọn ahun yẹn lọ́jọ́ náà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, Iwaraja ni wọ́n gbé mi lọ. Ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Mò ń kọ́ni ní kíláàsì, mò ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, mo dá oko ilé ẹ̀kọ́, mo tún dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Gbogbo ìlú ń pè mí ní Tíṣà Aláápọn, orí mi sì ń wú. Kò pẹ́ tí ara fi sọ fún mi pé ilé òun ni mò ń gbé. Ohùn mi há, bọ́ọ̀lù dúró, oko di igbó, wọ́n fi ẹlòmíì darí akọrin. Kíláàsì nìkan ló kù, èmi àti ṣọ́ọ̀kì. Mo gbà pé mo ti parí. Mo di àpótí mi, mo lọ dúró sí oríta, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ń kọjá, ọkọ̀ Iléṣà ń kọjá, mi ò tíì mọ èyí tí n ó wọ̀ tí ebi fi pa mí. Mo ra iṣu sísun, mo jẹ ẹ́ tán, ojú mi wálẹ̀, mo gbé àpótí mi padà sílé. Ìtàn náà ò níyì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ẹlòmíì bá ń sọ ìtàn ayé wọn, wọ́n á ní ohùn kan bá àwọn sọ̀rọ̀ láti òkè. Èmi, iṣu ló bá mi sọ̀rọ̀.

Lónìí, bí àwọn tí mo kọ́ ní Iwaraja bá rí mi, wọn kì í dárúkọ bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó rántí eré tá a ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka máàpù. Àwọn ọdún tí mo rò pé mo ti tán ni mo kọ́ wọn ní ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń kókìkí mi nígbà náà, èmi fúnra mi ò sì mọ̀ pé mò ń tàn.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò mọ èwo la dé. Nínú gbogbo ohun tó o sọ ní fàràńdà, èyí ló yà mí lẹ́nu jù. O ní àwọn kan wà nínú àwọn ìṣùpọ̀ tó dáwọ́ ìbí dúró wọ̀nyí, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá wò wọ́n dáadáa, gáàsì ò tán nínú wọn. Ó kù, ó tiẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò bí?" O ní, "Ara gáàsì náà ò tíì balẹ̀, Dádì. Ó ṣì ń rú." Mo rò ó títí lẹ́yìn tó o lọ. Ara rẹ ò tíì balẹ̀, Tinúkẹ́.

N ò ní tàn ọ́ o. O ní àwọn mìíràn wà tí kò ní bí ìràwọ̀ mọ́ láéláé, àti pé àwọn mìíràn máa ń rí gáàsì tuntun gbà lọ́wọ́ ìṣùpọ̀ kékeré kan tó wọnú wọn, tí wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ èwo ni tìrẹ. Bóyá Iléṣà ni aládùúgbò kékeré yẹn, bóyá òun kọ́. Èmi kì í ṣe wòlíì. Mo kàn mọ̀ pé àwọn tí kò bí mọ́ yẹn, ìwọ ò fojú òkú wò wọ́n rí. O tiẹ̀ pe ọ̀kan ní arẹwà lójú wa, o ní ká wò ó bó ṣe rọra ń pọ́n. Ojú tó o fi wo ìyẹn ni kó o fi wo ara rẹ.

Èmi àti màmá rẹ náà, ṣé o rò pé bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ la ṣe wà? Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Mùsùlùmí Òṣogbo. Ariwo ìgbà náà kì í ṣe kékeré, nílé tiwọn àti nílé tiwa, àwa náà sì ń fi ìfẹ́ pariwo padà. Ariwo ti lọ. Nísinsìnyí, kí n tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí, omi ti dé iwájú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn ní òkú, èmi àti ẹ̀ la ó jọ ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Àwọn tó ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà máa ń sọ pé a ò rídìí ìṣáná, pé ilé la ti ń múná roko. Màmá rẹ fẹ́ràn láti máa fi ìyẹn yọ mí lẹ́nu, ó ní ẹni tó ń pe iná ní "uná", báwo ló ṣe máa rídìí ìṣáná. Àpárá lásán ni fún yín. Fún èmi, iṣẹ́ ni, ọrùn mi ni wọ́n sì gbé e kọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀tan-Ilé, èmi ni mò ń gbé ògúnná lọ sóko nínú àpáàdì. Ìyá mi á da eérú sísàlẹ̀, á kó ògúnná lé e, á tún fi eérú bò ó. Á ní, "Má fẹ́ uná yẹn o. Jẹ́ kí eérú bò ó."

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́nà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí mo gbé. Mo fẹ́ eérú kúrò, iná pọ́n, mo tún fẹ́ ẹ, ó ta paraparà, wọ́n pariwo, èmi náà ń jó. Ó dára, Tinúkẹ́. Títí dòní, mi ò tíì rí iná tó dára tó o. Nígbà tí mo fi máa dé oko, èédú tútù ló wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi wo inú àpáàdì, kò lù mí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gba inú igbó wọ oko aládùúgbò wa, kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú ògúnná, ó ti fi eérú bò ó. Mo ní, "Uná ta lẹ gbà wá?" Ó ní, "Uná ulé wa ni. Ìyàwó wọn ló wá fọn ọ́n lọ́dọ̀ wa láàárọ̀, kó o tó jí." Ó fẹ́ ẹ, ó dáná, a sun iṣu, a jẹ ẹ́. Èmi tí mo ti ń sunkún pé mo pa iná ilé wa.

Ṣé o rí i, o sọ fún wa pé àwọn kan níbòmíràn ń lo ọ̀nà tó o fi ń ya àwọn ìṣùpọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, pé wọ́n ti fi rí púpọ̀ tí ìwọ ò rí. O sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọn ò jí i. Ìyàwó aládùúgbò ló wá fọnná láàárọ̀. Bí ti ọwọ́ rẹ bá tutù lónìí, iná rẹ wà lóko ẹlòmíràn, ó ń sun iṣu fún wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kó o má lọ gbé àpáàdì síwájú wọn.

Gbogbo ayé ló mọ òwe tó sọ pé iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n pa á tán níwájú òun. Á ní orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi òwe náà mọ, pé ẹni tó pa ti iná ò gbé iná lọ sóko rí. Iná tó feérú bojú ò kú. Èyí tí wọ́n ṣí eérú lójú rẹ̀ kí aráyé lè rí i, ìyẹn ló ń kú.

Nítorí náà, dá ilé ẹ̀kọ́ lóhùn bó ṣe wù ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n má fi orúkọ òkú kọ ọ́, nítorí kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Màmá rẹ ti wá dúró sẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mò ń kọ, ó ní ìwé mi ti gùn jù. Mo bi í pé kí ni kí n bá òun fi sí i. Ó ní, "Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà níjọ́sí, àpárá ni mo fi dá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé iná ló fẹ́ẹ́ fọn lóòótọ́, kó wá. Bí kò bá lè jókòó, kó má jókòó." Ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Ọlọ́run á mú ara rẹ balẹ̀. Uná wà nílé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.